Èjìká Lókè, Ikùn Nísàlẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Títi Dọ́ńbẹ́ẹ̀lì Sókè

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, mo ṣàlàyé eré ìdárayá kan tí a máa ń fi dọ́ńbẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ṣe. Ènìyàn yóò dúró ṣánṣán, yóò gbé irin náà wá sí èjìká kan, yóò sì tì í lọ sókè orí títí apá yóò fi nà tán, láìjẹ́ kí ara tẹ̀ sí ìhà kankan. Mo sọ pé bí ó ti ń fún èjìká lágbára ni ó ń fún iṣan ikùn, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lágbára, àwọn tí mo pa pọ̀ pè ní agbedeméjì ara. Lẹ́tà tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. Mo ti ṣa mẹ́fà nínú wọn, mo sì fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún èyí àkọ́kọ́, nítorí pé orí ìdáhùn rẹ̀ ni àwọn yòókù dúró lé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó ìlera wa. Òṣìṣẹ́ báńkì ni mí ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 34. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ní jíìmù, tí mo ń ti dọ́ńbẹ́ẹ̀lì kílò 16 sókè ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń kọ́ wa níbẹ̀ ní kí n dìde dúró, kí n sì máa lo ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo dán an wò, agbára káká ni mo fi gbé kílò 10, ara mi sì ń yẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Ṣé kì í ṣe pé agbára tí mo ti kó jọ ni mo ń sọ nù yìí? Kí tilẹ̀ ni ó kan ikùn nínú eré èjìká? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé bí a ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

ÌDÁHÙN: Ẹ kò sọ ohunkóhun nù. Kílò 16 tí ẹ ń gbé lórí ìjókòó, ọrùn bẹ́ńṣì ni apá kan iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn yín fara tì í, nítorí náà kò sí ìdí tí iṣan ikùn yóò fi ṣe wàhálà. Irin ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì sì ń fi ìwọ̀n kan náà fa ara yín sí ìhà méjèèjì, tí ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì borí. Nígbà tí ẹ dìde, tí ẹ sì gbé ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwọn irin náà, ìrànlọ́wọ́ méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n tí ó kù wà ní ìhà kan ṣoṣo, ó jìnnà díẹ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì ń wá bí yóò ti tẹ ara sí ìhà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan gbé gárawá omi láti ìdí kànga dé ilé mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni ó máa ń le koko jù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tí gárawá wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti dọ́ńbẹ́ẹ̀lì: iṣan ẹ̀gbẹ́ ikùn tí ó wà ní òdìkejì irin, àti iṣan tí ó so egungun ìhà ìsàlẹ̀ mọ́ egungun ìbàdí níbẹ̀, ni yóò fa ara padà kí ó má baà tẹ̀. Bí irin náà bá sì ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀ kékeré tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìbàdí ń di ńlá lókè, èyí tí kò jẹ́ kí iṣan iwájú ikùn àti ti ẹ̀yìn lè sinmi rárá títí irin yóò fi padà sí èjìká.

Èyí ni ó mú kí n fẹ́ràn eré ìdárayá yìí ju kí a dùbúlẹ̀ kí a máa ká ara sókè lọ. Nínú ìgbésí ayé wa ojoojúmọ́, ìgbà tí ikùn ń ṣiṣẹ́ láti tẹ ara kò tó ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ láti má ṣe jẹ́ kí ara tẹ̀, ìbáà jẹ́ nígbà tí a gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí nígbà tí a na ọwọ́ gbé àpótí sórí pẹpẹ, tàbí nígbà tí ọkọ̀ tí a wà lórí ìdúró nínú rẹ̀ ṣàdédé tẹ bíréèkì.

Àwọn onímọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Norway ti fi ẹ̀rọ tí ń ka iná mànàmáná inú iṣan wo ọ̀rọ̀ yìí. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012, wọ́n fi títi dọ́ńbẹ́ẹ̀lì lórí ìjókòó wé ti orí ìdúró, wọ́n sì fi ti ọwọ́ méjèèjì wé ti ọwọ́ kan. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣan agbedeméjì ara ṣiṣẹ́ gidi, kí ó dúró dípò kí ó jókòó, kí ó sì lo ọwọ́ kan dípò méjì. Nínú iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní 2013, wọ́n rí i pé nígbà tí àwọn ènìyàn dúró tí wọ́n sì lo dọ́ńbẹ́ẹ̀lì ni ìwọ̀n tí wọ́n lè gbé kéré jù lọ, síbẹ̀ ìgbà náà ni iṣan èjìká wọn ṣiṣẹ́ jù lọ. Nítorí náà, kí kílò 10 má ṣe tì yín lójú. Ìwọ̀n náà kéré, iṣẹ́ tí ó ń béèrè kò kéré.

Ó ku bí èjìká fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ ikùn wà níbẹ̀ náà. Iṣan ńlá tí ó bo èjìká ní apá mẹ́ta, ti iwájú, ti àárín àti ti ẹ̀yìn; ti iwájú àti ti àárín ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú títi irin sókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni iṣan kékeré mẹ́rin wà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti di orí egungun apá mú sínú ihò rẹ̀, nítorí pé ihò náà kò jìn rárá. Ṣùgbọ́n oríkèé náà nìkan kò lè gbé apá dé ẹ̀gbẹ́ etí. Nínú nǹkan bíi 180 dígírì tí apá ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ ìtan dé òkè orí, oríkèé èjìká ń mú nǹkan bíi 120 wá, egungun pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́yìn èjìká sì ń mú nǹkan bíi 60 wá nípa yíyí lórí egungun ìhà. Bí òkè ẹ̀yìn bá ti le nítorí ìjókòó ọjọ́ pípẹ́ nídìí tábìlì, egungun pẹlẹbẹ yìí kò ní lè yí tó bí ó ti yẹ. Ara kì í sì gbà kí iṣẹ́ kù sílẹ̀, ńṣe ni yóò lọ mú èyí tí ó kù láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn: ìhà yóò là síwájú, ẹ̀yìn yóò ká, apá yóò sì dà bí ẹni pé ó ti dé òkè nígbà tí kò tíì dé. Iṣan ikùn tí ó di ìhà mú sílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ dúró kí ẹsẹ̀ méjèèjì ya síra bí ìbàdí ti fẹ̀ tó, kí ìwọ̀n ara wà káàkiri àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó má ṣe wà ní gìgísẹ̀ nìkan. Ẹ fún ìdí yín pọ̀, ẹ fa ìhà ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kí ó wà ní orí egungun ìbàdí gan-an, kí ẹ sì mú ikùn le láìfà á wọ inú. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé irin láti ilẹ̀ wá sí èjìká, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan já a. Kí ọrùn ọwọ́ dúró gbọọrọ lórí apá, kí ìgbọ̀nwọ́ wà níwájú ara díẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ sì kọjú sí ọ̀nà orí yín. Ọwọ́ tí kò gbé nǹkan kan, ẹ dì í ní ẹ̀ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi di ògiri tàbí ìtan mú, nítorí pé bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ tìtorí rẹ̀ dìde lórí bẹ́ńṣì ti bọ́ sọ́wọ́ ògiri nìyẹn. Ẹ mí sínú, kí ẹ wá máa mí síta bí ẹ ti ń ti irin lọ sókè, títí apá yóò fi wà ní ẹ̀gbẹ́ etí, tí irin yóò sì wà ní òkè èjìká lóòró, kì í ṣe níwájú ojú. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, nítorí pé ìgbà tí irin ń bọ̀ nílẹ̀ ni ara máa ń fẹ́ yẹ̀ jù lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kánjú kọjá.

Ọwọ́ tí kò lágbára tó èkejì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ tó lágbára má sì ṣe ju iye tí ti àkọ́kọ́ ṣe lọ. Ìgbà mẹ́jọ ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ní ìyípo mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ láàárín wọn, tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Òfin kan wà tí n kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn lórí rẹ̀: ìgbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ni ìyípo náà ti parí, kódà bí apá bá sì ní agbára ìgbà mẹ́ta sí i. Bí orúnkún bá ń tẹ̀ tí ẹ sì ń fi ẹsẹ̀ gbọ́n irin lọ sókè, eré ìdárayá mìíràn ni ẹ ń ṣe yẹn. Ó dára ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ń sọ. Dígí iwájú kì í fi ẹ̀yìn tó ń ká hàn, nítorí náà ẹ fi fóònù ya ara yín láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo, mo sì ti pé ọdún 41. Mo ń ṣe eré títi dọ́ńbẹ́ẹ̀lì sókè yìí nílé pẹ̀lú kílò 7. Èjìká mi kò ní ìṣòro, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn máa ń ro mí lẹ́yìn tí mo bá ṣe é tán. Àwọn kan ní kí n ra bẹ́líìtì. Ṣé bẹ́líìtì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, àbúrò mi. Ẹ má tíì ra bẹ́líìtì. Bí ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó jọ pé ẹ̀yìn yín ń ká lọ sẹ́yìn nígbà tí irin bá kọjá ojú, tí àwọn oríkèé ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn sì ń fún mọ́ra wọn. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Títí di ọdún 1972, títi irin sókè láti èjìká láìfi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́ wà lára ìdíje gbígbé irin ní Òlíńpíìkì. Àwọn ọ̀gá nínú gbígbé irin bẹ̀rẹ̀ sí í fì sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ń ti irin náà, àwọn adájọ́ kò sì lè fẹnu kò mọ́ lórí ibi tí fífì náà pọ̀ jù. Ẹ̀rù ẹ̀yìn àwọn olùdíje pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Òlíńpíìkì Munich ti ọdún náà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Méjì ni ó kù títí di òní: èyí tí a ń já irin láti ilẹ̀ lọ sókè orí lẹ́ẹ̀kan, àti èyí tí a ń kọ́kọ́ gbé wá sí èjìká kí a tó fi agbára ẹsẹ̀ rán an lọ sókè. Méjì yìí ni àwọn ọmọbìnrin wa Adijat Olarinoye àti Rafiatu Folashade Lawal fi gba wúrà fún Nàìjíríà ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022, inú mi sì ń dùn nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Bí àwọn tí ó fi gbígbé irin ṣe iṣẹ́ bá lè fì sẹ́yìn láìpinnu rẹ̀, kí ẹni tí ó ti tẹ̀ sórí máṣíìnì láti àárọ̀ má ṣe bá ara rẹ̀ wí.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó tún gbé irin. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ jìnnà sí i díẹ̀, kí ìdí, èjìká àti orí fara kàn án, kí àlàfo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn má ṣe ju èyí tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ. Ẹ wá gbé apá kan lọ sókè láìmú nǹkan kan dání. Bí àlàfo náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ kí apá tó dé etí, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà: òkè ẹ̀yìn yín ti le, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sì ń bá a san gbèsè rẹ̀. Ní àràárọ̀, ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹní pẹ̀lú orúnkún ní títẹ̀, ẹ mí síta títí ìhà yóò fi wálẹ̀, kí ẹ sì máa na apá méjèèjì lọ sẹ́yìn orí díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí ìhà kò fi ní gbéra. Ìgbà mẹ́wàá tó. Ní ti eré fúnra rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan fún oṣù kan tàbí méjì, kí orúnkún tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ti ìhà tí irin wà, kí ẹsẹ̀ kejì sì wà níwájú. Bí ẹ bá fún ìdí ìhà orúnkún tí ó wà nílẹ̀ pọ̀, yóò ṣòro fún ẹ̀yìn láti ká. Ẹ dín irin kù sí kílò 4 tàbí 5 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ìrora náà bá ń sáré lọ sí ẹsẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá sì lọ jẹ́ pé ẹ kò lè dá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín o. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ń gbé ní Abẹ́òkúta, ọdún 61 ni mí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn mi déédéé. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ gbé ohun wúwo kọjá orí láéláé. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi, bàbá. Ọ̀rẹ́ yín kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ṣùgbọ́n ó ti nà án jù. Ohun tí ó léwu jù ni kí ènìyàn sé èémí mọ́nú nígbà tí ó ń ti irin. Nígbà tí a bá sé e, agbára tí ń tẹ inú àyà àti inú ikùn ń ga gidigidi, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì fò sókè ní kíákíá. Bí a bá tú u, ó lè já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì sì kọ́ ènìyàn. Bí irin ti wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń wu ènìyàn láti sé èémí. Nítorí náà, irin fífúyẹ́ ni tiyín, èyí tí ẹ lè ti sókè ní ìgbà 12 sí 15 tí ẹ sì lè máa ka iye rẹ̀ síta ní ohùn rara bí ẹ ti ń ṣe é. Ẹni tí ó ń ka nǹkan síta kò lè sé èémí, ọ̀nà yìí ni mo sì fọkàn tán jù lọ fún àwọn àgbà.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ dókítà tí ó ń fún yín ní oògùn, kí ó wo bí ìfúnpá yín ti rí lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí kò bá tíì wálẹ̀ dáadáa, kí irin dúró ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 2020, gba àgbàlagbà nímọ̀ràn láti ṣe eré tí ń fún iṣan lágbára ní ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, wọ́n sì ka àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ wọn ní kedere. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe di irin mú sókè orí pẹ́, kí ẹ sì rìn díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá parí dípò kí ẹ jókòó lójijì. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú kí òòyì kọ́ ènìyàn bí ó bá dìde, ohun tí kò sì yẹ kí ó bá ènìyàn pẹ̀lú irin lókè orí nìyẹn. Fún ìdí èyí, ẹ fi orí àga tí kò ní ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ jókòó ṣánṣán. Ikùn yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ tó ti orí ìdúró. Àyà dídùn, èémí tí kò délẹ̀ tàbí òòyì, èyíkéyìí tí ó bá wáyé, ẹ gbé irin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, tí mo bá ń gbé apá ọ̀tún lọ sókè, ó máa ń dùn mí nígbà tí ó bá dé ọ̀gangan èjìká, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, ìrora náà a lọ. Ẹni ọdún 49 ni mí, mo sì ní àtọ̀gbẹ. Ṣé kí n máa fara dà á? Láti Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ má fara dà á. Ìrora tí ó máa ń wà láàárín nǹkan bíi 60 sí 120 dígírì, tí ó sì ń lọ lókè, sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ okùn iṣan tí ó gba abẹ́ egungun orí èjìká kọjá. Bí a bá ń fi irin há a mọ́bẹ̀ lójoojúmọ́, yóò máa wú sí i ni. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí nítorí àtọ̀gbẹ yín. Àwọn tí ó ní àrùn yìí ni èjìká máa ń gan jù, pàápàá láàárín ọdún 40 sí 60: apá yóò kọ̀ láti gòkè, kódà bí ẹlòmíràn bá ń bá yín gbé e. Bí ẹ bá ti ń rí i pé ọwọ́ kò dé ẹ̀yìn mọ́ láti de aṣọ, kí ẹ lọ sí ẹ̀ka físíò ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè mọ èwo ni nínú méjèèjì.

Agbedeméjì ara kò ní láti dúró de èjìká. Ẹ di dọ́ńbẹ́ẹ̀lì kan mú ní ẹ̀gbẹ́ ìtan, kí apá sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ, kí ẹ sì rìn pẹ̀lú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun yàrá dé èkejì láìtẹ̀ sí ìhà kankan, kí ẹ wá pààrọ̀ ọwọ́. Bí gbígbé irin bẹ́ẹ̀ bá ń dun èjìká ọ̀tún, ọwọ́ òsì nìkan ni kí ẹ lò. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ ikùn ń ṣe nínú títi irin sókè ni yóò ṣe níbẹ̀, èjìká kò sì ní gòkè rárá.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kà yín láti London. Àjà ilé tí mo ń gbé kò ga, dọ́ńbẹ́ẹ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án bí mo bá dúró. Ìyá mi sì ń bẹ̀rù pé èjìká mi yóò dà bíi ti ọkùnrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan bí mo ti ṣàlàyé fún aránṣọ wa lókè, kí ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orúnkún náà. Kì í ṣe àfidípò lásán: ẹsẹ̀ kò ní lè ran irin lọ́wọ́ mọ́, èyí tí ó mú kí ikùn ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú ọ̀nà kan náà ni mo gba àwọn tí fáànù àjà wà lórí wọn níyànjú sí. Ẹ bá mi kí màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ohun tí ń mú kí iṣan ọkùnrin tóbi tó bẹ́ẹ̀ kéré gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin, àti pé àwọn tí èjìká wọn tóbi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún, irin wúwo àti oúnjẹ púpọ̀ wá a. Èjìká yín yóò dúró dáadáa nínú bùbá, ibẹ̀ ni ó máa mọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀, mi ò ní owó dọ́ńbẹ́ẹ̀lì. Ṣé mo lè lo kẹ́ẹ̀gì? Ṣé yóò sì bá mi mú ikùn tó yọ yìí lọ?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o lè lo kẹ́ẹ̀gì. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tí ó kún fún omi jẹ́ kílò márùn-ún àti díẹ̀. Kún un dé ẹnu, nítorí pé omi tí kò kún yóò máa rìn sọ́tùn-ún sósì bí o ti ń gbé e, ìyẹn sì le fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wo ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ àti ìdérí rẹ̀ dáadáa kí o tó gbé e kọjá orí. Bí márùn-ún bá ti rọrùn, tí o lè ṣe é ní ìgbà 12 ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan láìtẹ̀, da omi nù, kí o fi iyanrìn gbígbẹ dípò rẹ̀. Iyanrìn wúwo ju omi lọ dáadáa, nítorí náà má ṣe kún un dé ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Bù ú sí i díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, kí ọjọ́ ìsinmi kan ó kéré tán sì wà láàárín wọn.

Ní ti ikùn tó yọ, n kò ní tàn ọ́. Eré yìí yóò mú kí iṣan tí ó wà lábẹ́ ọ̀rá le, yóò sì mú kí o dúró gbọọrọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí iṣan ti ń ṣiṣẹ́ ni ara ti ń mú ọ̀rá tí ó ń jó. Ó ń mú un káàkiri ara ni, bí oúnjẹ tí ń wọlé bá kéré sí agbára tí à ń lò. Dín mínírà tí o fi ń ti búrẹ́dì kù, máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé ibùgbé lọ sí kíláàsì, kí o sì ya àwòrán ara rẹ láti ẹ̀gbẹ́ lónìí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lókè orí. Fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀, kí n lè wo ìhà rẹ bóyá ó wà nílẹ̀ tàbí ó ti là síwájú.